Ẹ̀yìn Káàdì

Páálí kọnfulékì mẹ́rin ni mo gé wẹ́wẹ́ lórí tábìlì ìdáná
lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ní Harehills, ní ìlú Leeds,
nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, tí ẹsẹ̀ ń ro mí.
Mo ya iṣu, mo ya ọkọ́, mo ya ewúrẹ́.
Ewúrẹ́ mi jọ ajá tó ń ṣàárẹ̀.
Mi ò kọ́ṣẹ́ àwòrán. Káfíńtà ni bàbá mi,
èmi ń to ẹrù nílé ìkẹ́rùsí.
Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́sàn-án ń dúró dè mí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta
ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé,
ọmọ tí èdè ilé dúró sí etí wọn
tí kò dé ahọ́n.

Mo gbé ọsàn sókè. Wọ́n dákẹ́.
Àwọ̀ ewé ni mo fi kùn ún,
bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lẹ́yìnkùlé wa ní Ìlá.
Tèmídire ní, "Kò tíì pọ́n."
Mo ní ó ti pọ́n, bó ṣe ń pọ́n nìyẹn.
Ó wò mí bí ọmọdé ṣe ń wo àgbà tó ń purọ́.

Mo gbé ìgbín sókè, ó tó ìkúùkù méjì.
Ládépò wọ abẹ́ àga.
Ìgbín tirẹ̀, ti ọgbà ìyá ìyá rẹ̀ tó jẹ́ òyìnbó,
kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.
Mo gbé ọkọ́ sókè. "Ṣíbí!"
Mo ní ọkọ́, wọ́n ní ọkọ̀,
wọ́n wá ń wá táyà lára rẹ̀.
Àwòrán kò ní àmì ohùn.
Mo na ọwọ́ sókè, mo rọ̀ ọ́ wálẹ̀,
bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.
Òjò nìkan ló rọrùn: mi ò tíì gbé e dé àyà
tí gbogbo wọn ti nawọ́ sí fèrèsé.

Mo yíjú láti nu imú Àṣàkẹ́ kékeré.
Kí n tó yíjú padà,
wọ́n ti da gbogbo káàdì dojú bolẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì.
Iṣu mi, ewúrẹ́ mi, àìsùn mi.
Ẹ̀yìn páálí ni wọ́n ń tò:
ìyẹ́ kan níbí, ojú kan lọ́hùn-ún,
ẹsẹ̀ tí a gé láàárín orúnkún,
àkùkọ tó ti wà lára páálí láti ilé ìtajà
tí mo fi àlùmọ́gàjí pa láìmọ̀.
Páálí mẹ́rin, orí mẹ́rin;
wọ́n ń jà sí èyí tó bá ọrùn mu.

"Kí lorúkọ rẹ̀?" Ládépò ló bèèrè, ní Yorùbá,
àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n.
Àkùkọ.
"Èyí ńkọ́?" Ìyẹ́. "Èyí?" Ìrù.
Tèmídire fọwọ́ kan pupa orí rẹ̀, ó ní, "Iná!"
Mi ò rẹ́rìn-ín. Ẹranko tó dàgbà jù ú lọ
ti sá fún iná yẹn rí nínú àlọ́.
Mo ní, ogbe ni.
Ó mú ọwọ́ kúrò, ó tún dá a padà. Kò gbóná.
Ogbe, ogbe, ogbe,
ẹnu gbogbo wọn rí roboto
bí ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu.

Nígbà tí mo kà á nílé, ọ̀kan dín.
Iṣu ti lọ, ogbe bá a lọ.
Lọ́jọ́ Ajé mo pàdé ìyá Tèmídire ní ibùdókọ̀.
Ó ní òun bá páálí kan lábẹ́ ìrọ̀rí,
ọmọ ò jẹ́ kí òun dá a nù.
Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀:
kí ni wọ́n ń pè ní ogbe gan-an?
Ìlú yìí lòun náà ti dàgbà.
Mo fọwọ́ hàn án lórí ara mi, láàárín èrò.
Ó tún un pè lẹ́ẹ̀mejì kí ọkọ̀ tó dé.

Láti ọjọ́ náà, àárọ̀ kọnfulékì, alẹ́ kọnfulékì.
Ìyàwó mi bèèrè bóyá owó ti tán ni.
Rárá o, páálí tó ṣófo ni mò ń wá.
Lọ́tẹ̀ yìí mà á wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí n tó gé e.
Ewúrẹ́ náà, mà á fi sílẹ̀ bó ṣe wà.